Tìróò Èédú

Ìbà tìróò! Ìwọ ìlà dúdú tí kò nípọn ju òwú aláǹtakùn lọ, ìwọ tó ń dá ọkọ̀ dúró, tó ń dá ìsìn dúró, tó ń dá àgbàlagbà dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Láàárọ̀ òní, ènìyàn mẹ́fà ti wọ aṣọ funfun, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Whalebone, ní London níbí, bí àbẹ́là. Ọkọ̀ ń kùn níta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti kọ orin ìwọlé tán. Ṣùgbọ́n ìwọ tìróò kò tíì parí iṣẹ́ ní ojú òsì, ta wá ni àwa láti kánjú? Àwọn ọba kan ti fi adé sílẹ̀ rí. Ẹni tó ń lé tìróò kì í fi dígí sílẹ̀.

"Tèmi! Ọ̀sán ti ń pọ́n o!" ni mo ké láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, two minutes. Ojú kan ló kù."

"Ojú kan yẹn náà lo ní ó kù kí n tó lọ wẹ̀."

"Ẹ allow me, jàre. Ẹ̀yin ọkùnrin, kí lẹ mọ̀ nípa tìróò?"

Tèmi ọmọ-ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì títí ìsìn fi parí. Wàyí o, ẹ ti bọ́ aṣọ funfun, ẹ ti jẹ ìrẹsì, òjò sì ń rọ̀, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Ẹ jókòó, gbogbo yín, kí n sọ ohun tí àwa ọkùnrin mọ̀ nípa tìróò.

Ohun kejì tó mú mi sọ̀rọ̀ ni fọ́tò tó wà lára ògiri yẹn. Lọ́la, Tèmi fẹ́ gbé e lọ sí ìsọ̀ ìtẹ̀wé ní Vicarage Field, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára bánà ńlá fún ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún mi, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: BÀBÁ WA, AWAKÙSÀ. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Èmi fúnra mi ni mo yan àwọ̀ lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ àwọn mẹ́ta tó wà nínú fọ́tò náà àti ohun tí ojú wọn fi dúdú.

Ìlú kan wà lórí òkè ní àríwá Sípéènì. Orúkọ rẹ̀ gùn ju òpópónà rẹ̀ lọ, nítorí náà Ìlú Èédú ni èmi àti ìyá àgbà yín ń pè é. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ wà á, wọ́n ń wá wúrà. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn wà á, wọ́n ń wá irin. Nígbà tí èmi dé, èédú ló kù, èyí tó ń jáde lábẹ́ ilẹ̀ bí òkúta, kì í ṣe ti igi tí a fi ń yan àgbàdo. Bí ẹ bá sọ fún ará ibẹ̀ pé ìlú rẹ̀ kéré, á ní ẹ ò tíì rí i tán, pé èyí tó wà nísàlẹ̀ tóbi ju èyí tó wà lókè lọ. Òótọ́ ló sì ń sọ.

Kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú lọ ṣe níbẹ̀? Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní yunifásítì nílé, mo sì lọ sí Sípéènì láti gba oyè kejì. Mo ṣe tán láti gbà á, ṣùgbọ́n òun kò ṣe tán láti gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Cape Verde, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ pọ̀ nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú náà, ló mú mi dé Ìlú Èédú. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tó mọ nọ́ńbà. Mo ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni mo mọ̀. Ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ilé àtùpà ni wọ́n fi mí sí. Yàrá kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kòtò gan-an, ó sì ní fèrèsé kan tí kò ní gíláàsì. Lẹ́yìn mi ni àwọn àtùpà wà lórí pẹpẹ, tí mò ń fi iná bọ́ wọn bí ẹni ń bọ́ adìyẹ. Níwájú mi ni pátákó kan wà tó kún fún ìṣó, ìṣó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Bí awakùsà bá dé láàárọ̀, á fún mi ní àmì idẹ rẹ̀, èmi á fi kọ́ ìṣó, màá sì fún un ní àtùpà. Bó bá gòkè padà, á dá àtùpà padà, èmi á sì fún un ní àmì rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí àmì kan bá wà lára ìṣó, ẹni tó ni ín wà lábẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n kò gba àṣìṣe.

Lọ́jọ́ kan, fèrè ìparí iṣẹ́ dún, gbogbo wọn gòkè, àmì kan sì kù lára ìṣó. Mo kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ku ẹyọ kan." Kí n tó pa ẹnu dé, gbogbo ìlú ti wà ní ẹnu kòtò. Obìnrin fi búrẹ́dì sílẹ̀ kó jóná nínú ààrò. Àlùfáà sáré dé pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ẹ ò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti gòkè tipẹ́? Ó na ara rẹ̀ sí abẹ́ igi lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, ó ń hanrun, àtùpà wa wà lórí ikùn rẹ̀. Bàtà onígi ni ìyàwó rẹ̀ fi jí i, kì í sì í ṣe pé ó fi kàn án jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo dé Barking níbí, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth. Káàdì ni wọ́n fún wa láti máa fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Tí o bá wọlé, á dún píì. Tí o bá jáde, á dún píì. Ìgbà kan wà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo padà, mo fi káàdì kàn án, ó dún píì. Kò bi mí léèrè ibi tí mo lọ. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀, bóyá ó ṣì máa sọ nǹkan, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí n yà lọ́nà.

Ohùn ìlú yẹn kò kúrò létí mi. Fèrè kòtò ń dún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, òun ló ń jí wa, òun ló ń pè wá jẹun, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Nínú ilé yìí lónìí, fóònù méje ló ń dún láàárọ̀, ohùn méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan kì í sì í jí. Bí fèrè bá ti dákẹ́, ẹ ó gbọ́ bàtà onígi àwọn obìnrin lórí òkúta òpópónà, kọ́-kọ́-kọ́. Lẹ́yìn náà ni agogo àkámọ́ irin tó ń gbé àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa kọrin bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ ó ti máa gbọ́ orin lábẹ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó rí ẹni tó ń kọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo ka Sáàmù mọ́kànléláàádọ́rùn-ún láìmí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èso yíyan. Igi kan wà níbẹ̀ tó ń so èso pupa ràkọ̀ràkọ̀, castaña ni wọ́n ń pè é, tí òtútù bá dé, gbogbo ilé ló ń yan án. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ìyá àgbà yín kò sì tíì wá bá mi nígbà yẹn. Mo da àwo kan sínú iná, mo jókòó pẹ̀lú ìwé mi, àfi gbòlà! gbòlà! bí ìbọn. Ìyá Paulino, tó ń gbé ní ilé kejì, ló ṣílẹ̀kùn, ó bá mi lábẹ́ tábìlì.

"Dókítà," ó ní, "ṣé ìwé rẹ ló jábọ́ síbẹ̀ ni?"

Sagrario ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò lè pe obìnrin tó tó ìyá mi lórúkọ. Mo ń pè é ní Ìyá Paulino nítorí ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní òun náà ní orúkọ. Nígbà tó yá, tí ẹ bá pè é ní Sagrario, kò ní dáhùn. Dókítà tó ń pè mí náà, ẹ má rò pé mo gbà á níbì kan. Nítorí ìwé tó máa ń wà lọ́wọ́ mi nílé àtùpà ni wọ́n ṣe fi jẹ mí. Obìnrin kan tilẹ̀ gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá bá mi. Mo ṣàlàyé fún un pé dókítà ìwé ni mí, kì í ṣe ti ara. Ẹ wo irọ́ tí mo pa láti fi tún òmíràn ṣe.

Ó yá, tìróò. Ẹni tó bá wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, eruku èédú á bo gbogbo ara rẹ̀. Bó bá wẹ̀, ara á mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó há sí ìdí irun ìpéǹpéjú kì í lọ bọ̀rọ̀. Á yí ojú ká bí ìlà fẹ́lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n bá ń jó ní gbàgede, awakùsà tó mọ iyì ara rẹ̀ á fọ ọrùn, á fọ etí, á ha ẹ̀yìn títí á fi máa dán. Tó bá kan ojú, ọwọ́ rẹ̀ á kàn rọ̀. Àwọn obìnrin á wo ojú yẹn, wọ́n á mọ̀ pé ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ni èyí.

Kí wá ni kí ẹni tí kì í lọ ṣe? Onígbàjámọ̀ ìlú, tó jẹ́ pé orí ènìyàn nìkan ló ń wà, á yọjú sí fèrèsé mi lọ́sàn-án Sátidé.

"Dókítà, ṣé èédú kíkúnná díẹ̀ wà níbẹ̀? Ààrò ìyá mi ló kú."

"Èédú ìwọ̀n ṣíbí kan, fún ààrò? Ìyá rẹ mà ń se oúnjẹ kòkòrò o."

"Ṣáà bù ú wá."

Lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn awakọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bù fún gbogbo wọn, mo sì fi gbogbo wọn ṣe ẹlẹ́yà dé etí ìyá àgbà yín. Èmi ni mo mọ ẹni tó lọ àti ẹni tí kò lọ, pátákó wà níwájú mi. Yàtọ̀ sí pátákó, ojú wọn pàápàá ń tú wọn fó. Ti awakùsà gidi máa ń rí játijàti, ó nípọn níhìn-ín, ó fò lọ́hùn-ún. Tiwọn máa ń gún régé, bí ẹni fi rúlà fà á.

Paulino nìkan ni mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ń fọ èédú nínú omi lókè ilẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkè wó, wọn ò sì rí i gbé jáde. Wọ́n fi òkúta dí ọ̀nà náà pa. Ìyá rẹ̀ mú un dúró níwájú ère Sántà Bárbárà, ó ní kó búra pé òun kò ní wọ kòtò láéláé. Ó búra, ó sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, á lé èédú sójú, á lọ sí gbàgede, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú mọ̀.

Sántà Bárbárà yìí ni ẹni mímọ́ tí wọ́n ní ó ń ṣọ́ awakùsà. Òun kan náà ni wọ́n fi sídìí àrá. Mo sọ fún wọn pé nílé wa, ọkùnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ní ìyàwó mẹ́ta. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní ti àwọn kò lọ́kọ rárá, ìdí nìyẹn tó fi ń ráyè ṣọ́ ènìyàn. Wòlíì wa níbí gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi, ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá ni àjọ̀dún rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ ló yẹ kó gbé ère náà lé èjìká láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu kòtò. Àyè kọ̀ọ̀kan lábẹ́ igi tí wọ́n fi ń gbé e ló ní ẹni tó ni ín, bàbá ló sì ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tí kò bá wọ ìsàlẹ̀ rí kò gbọdọ̀ fi èjìká kan igi náà. Àyè bàbá Paulino, apá òsì, ẹni kẹta, ṣófo láti ọjọ́ tó ti lọ. Ọkùnrin méje ló ń gbé ẹrù ènìyàn mẹ́jọ, Sántà Bárbárà wa sì máa ń tẹ̀ sí òsì lójú ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó.

Lọ́dún kan, wọ́n kéde pé wọ́n máa ti kòtò náà pa bí ọdún bá ti yí. Ṣé ẹ rí i, àjọ̀dún tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn tí awakùsà yóò gbé ère. Paulino wá bá mi ní fèrèsé. Kò wá bu èédú.

"Dókítà, bá mi fi àmì kan kọ́."

"Àmì wo?"

"Ti bàbá mi. Wọ́n yọ ọ́ fún ìyá mi nígbà náà, ó ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Fi kọ́ fún ọjọ́ kan péré, kí o kọ ọ́ sínú ìwé pé mo lọ. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi á mọ̀."

"Ìwọ tó ò ń bu èédú fún onígbàjámọ̀?"

"Èédú ọ̀tọ̀, pátákó ọ̀tọ̀," mo ní. "Ojú ni ti èédú. Ẹ̀mí ènìyàn ni ti pátákó."

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ńlá! Mo gbé orí sókè lẹ́yìn tí mo sọ ọ́, bí ẹni tó ń dúró de àtẹ́wọ́. Paulino kò bú mi. Ó ní, "Bí àyè yẹn bá ṣófo lọ́dún yìí, Dókítà, ó ṣófo títí láé nìyẹn." Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Mo ròyìn fún ìyá àgbà yín nílé, mo sì retí pé á yìn mí. Ó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi gbà.

"Ẹ̀yin àti pátákó yín," ó ní. "Ṣé pátákó ló bí yín ni?"

Kò dúró de èsì. Òun àti Ìyá Paulino jọ máa ń yan búrẹ́dì ní ààrò àdúgbò. Èkínní kò gbọ́ èdè èkejì ju ogún ọ̀rọ̀ lọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ ilé ẹnikẹ́ni tí wọn kì í sọ. Ibẹ̀ ló ti lọ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú àjọ̀dún, kò sí iṣẹ́, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Mo wà nílé àtùpà, mo ń nu gíláàsì. Eladio, ọ̀gá àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀, òun náà ni olórí àwọn tó ń gbé ère, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mu kọfí. Ìyá Paulino yọ sí fèrèsé pẹ̀lú bàtà onígi rẹ̀ àti búrẹ́dì gbígbóná kan lábíyá. Paulino wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Dókítà, fún mi ní àtùpà méjì."

"Méjì? Ti ta ni, Ìyá Paulino?"

"Ti ọmọ mi kan. Tèmi kan."

Kọfí gba imú Eladio jáde. "Sagrario! Obìnrin kì í wọ kòtò. Àgbákò ló ń fà."

"Àgbákò? Lọ́jọ́ tí ọkọ mi wọlé tí kò jáde, obìnrin wo ló bá a wọlé?"

Eladio fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu kọfí ní imú.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù kí ẹ ti ibẹ̀ pa? Ta lẹ wá ń tọ́jú oríire fún, àwọn eku?"

"Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ búra, Sagrario. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Èmi ni mo ní kó búra. Èmi ni mo ní kó má búra mọ́." Ó yíjú sí Paulino. "Mo sọ pé o ò ní lọ nítorí mi ò fẹ́ jókòó lókè máa retí ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì. Lónìí, mi ò ní jókòó lókè. Eladio, ṣé wàá mú wa lọ ni, àbí kí n gbé àbẹ́là Sántà Bárbárà kí n máa wá ọ̀nà?"

Eladio wo kọfí rẹ̀, ó wò mí, bí ẹni pé ìmọ̀ ọgbọ́n-orí lè gbà á. Nígbà tó yá, ó bọ́ akoto irin orí rẹ̀, ó fi dé obìnrin náà. Ó bò ó dé imú.

Paulino na àmì bàbá rẹ̀ sí mi. Idẹ náà ti dúdú. Mo fi kọ́ ìṣó tó ti ṣófo fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní kí Ìyá Paulino náà mú àmì wá, nítorí òfin ni òfin. Kò ní. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó ní kí n fìyẹn kọ́. Eladio náà fún mi ní àmì tirẹ̀.

"Dókítà, máa bọ̀," ni Eladio wí nígbà tí wọ́n dé ẹnu àkámọ́. "Àyè ẹnì kan ṣì wà."

Mo wo inú ihò náà. Afẹ́fẹ́ kan ń ti inú rẹ̀ jáde bí èémí. Mo ní, "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti pátákó."

Agogo dún, wọ́n wọlẹ̀ lọ. Mo jókòó níwájú ìṣó ìyá àti ọmọ yẹn, àmì lára ọ̀kan, òrùka lára èkejì. Mi ò tíì wo nǹkan kan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Búrẹ́dì tó gbé kalẹ̀ fún mi tutù, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú tó pọ̀ débi pé tí mo bá mú gbogbo rẹ̀ ṣẹ, mo yẹ kí n ti di wòlíì. Nígbà tí agogo tún dún, tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í ké bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mo sáré jáde sínú yìnyín láìwọ bàtà.

Ìyá Paulino ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, eyín rẹ̀ funfun. Mo ń retí ẹkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ sì gbóná.

"Ó móoru níbẹ̀, Dókítà," ó ní. "Mo fọwọ́ kan òkúta tí wọ́n fi dí i. Ó móoru. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí yìnyín bá ti ń bọ́, mo máa ń rò pé òtútù ń mú un."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Paulino náà bá a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Eladio wá gbogbo àpò rẹ̀ fún áńkáṣíìfù tí kò ní.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Gbogbo ọkùnrin ìlú lé tìróò, gidi àti ayédèrú. Ìwọ Tèmi ì bá jókòó gba iṣẹ́ níbẹ̀. Paulino nìkan ló wá pẹ̀lú ojú tó mọ́ tónítóní. Ó ti fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó lọ sí apá òsì, ẹni kẹta, ó fi èjìká sábẹ́ igi, wọ́n gbé e. Sántà Bárbárà dúró ṣánṣán. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn méje yòókù ti mọ́ ìdagẹ̀rẹ̀ lára, wọ́n ń fi agbára ti ibi tí kò nílò títì mọ́, ni gbogbo wọn bá yà bàrá sí ọ̀tún, wọ́n sì gbé ẹni mímọ́ wọ ẹnu ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Pátákó ìsọ̀ rẹ̀ já lulẹ̀. Ó sáré jáde láti pariwo, yìnyín olómi sì ń rọ̀, gbogbo tìróò rẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n. Ìyá Paulino rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. A jẹ, a mu, a jó, bí ẹni pé kòtò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ni.

Wọ́n tì í pa. Fèrè dákẹ́. Èmi àti ìyá àgbà yín di ẹrù, a wá sí ìhín. Paulino ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní kòtò náà ti di ibi ìrìn-àjò afẹ́, òun ló ń mú àlejò kiri, wọ́n á fún wọn ní akoto, wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á sì fi èédú kùn wọ́n lójú fún fọ́tò. Ó ní àwọn ará London ló ń kùn ún nípọn jù.

Ó yá, Tèmi, gbé fọ́tò yẹn sọ̀ kalẹ̀ wá. Eladio ló yà á, ní ẹnu kòtò, lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an. Ìyá Paulino rèé, ó ti akoto sẹ́yìn kí ojú rẹ̀ lè hàn. Paulino rèé lápá kejì. Èmi rèé láàárín, tí mo gbé àyà síta bí ẹni tó fi èékánná gbẹ́ òkè náà. Wo ojú ìyá náà: ó rí játijàti. Wo ti Paulino: omijé ti nù ún dànù lápá kan. Wá wo tèmi, ìwọ tó mọ̀ ọ́n.

"Ah-ah, Grandpa! Tiyín clean gan-an o. Ojú méjèèjì dọ́gba. Ó tiẹ̀ ju tèmi lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó gún régé. Nígbà tí Eladio gbé kámẹ́rà sókè, mo ní kó dúró. Mo wọ ilé àtùpà padà, mo ti ìka bọ inú ìkòkò tí mo ti máa ń bu èédú fún onígbàjámọ̀, mo fi gíláàsì àtùpà ṣe dígí. Ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ ṣe. Àwọn tó ti ìsàlẹ̀ dé dúró nínú yìnyín, wọ́n ń retí mi.

Nítorí náà, bí o bá dé Vicarage Field lọ́la, ní kí wọ́n yọ AWAKÙSÀ kúrò. Mi ò wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn rí, kódà lọ́jọ́ kan. Èmi náà lé e, Tèmi, ó sì gbà mí ju two minutes lọ.